Àga Kọ́ọ̀ṣì: ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje júdò àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹnu ti ń pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Àwọn kan ní Iléṣà ń sọ pé a rẹ́ ọmọ àwọn jẹ. Àwọn kan ní Ifẹ̀ níbí ń sọ pé a gbè sẹ́yìn àlejò. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo ń kọ àmì sílẹ̀, fóònù mi ni a sì fi ń ka ìṣẹ́jú. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ibi tí èmi gan-an ti jẹ̀bi.

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún ni ìdíje náà wà fún, nínú ìsinmi gígùn, ní gbọ̀ngán ilé ìwé girama kan lẹ́bàá ọ̀nà Ẹdẹ. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wá: mẹ́fà láti Ifẹ̀, márùn-ún láti Iléṣà, méje láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, mẹ́fà láti Atakpamé ní Tógò. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló kó wọn wá. Rẹfirí wa wá láti Ìbàdàn, owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn ará Atakpamé, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀, Ifẹ̀ náà ni wọ́n ń pe èdè wọn, wọ́n sì gbà pé Ilé-Ifẹ̀ níbí ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí lọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, tí o bá tẹ́tí dáadáa, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o mọ̀, á tún bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ kí o tó dì í mú. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró ní Lágere, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, ó fi hańkáṣíìfù wé e. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Kọ́ọ̀ṣì Kútọnu, tó jẹ́ ọmọ Kétu tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé, ló túmọ̀ èsì rẹ̀ fún mi: ìyá ìyá rẹ̀ ló rán an. Kí ẹ rántí ọmọbìnrin yìí. Ẹ̀gbọ́n ni n ó máa pè é. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ kọ́ọ̀ṣì kan náà, tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, n ó máa pè é ní Àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Kílò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 51.6 ni Ẹ̀gbọ́n, 50.2 ni Àbúrò.

Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀ láti pa ọmọ orílẹ̀-èdè méjì mẹ́ta pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Níbi Òlímpíkì àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Singapore ní 2010. Bí àwọn ọmọ bá ti parí ìjà ẹnì-kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún wọn pín sí ẹgbẹ́, ọmọ ilẹ̀ yìí á di ẹlẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ yẹn, akọ àti abo pọ̀. Ní Singapore, orúkọ ìlú ni wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́. Essen ló gba wúrà, Belgrade ló ṣe ìkejì. Ní Nanjing ní 2014, orúkọ àwọn àgbà júdò ni wọ́n lò, ẹgbẹ́ Rouge sì na ẹgbẹ́ Geesink. Ní Buenos Aires ní 2018 wọ́n padà sí orúkọ ìlú. Beijing ló gbà á níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó lè ka àmì-ẹ̀yẹ yẹn mọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa ti gbọ́ pé Òlímpíkì àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀ ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, láti 31 oṣù kẹwàá sí 13 oṣù kọkànlá 2026, pé òun ni Òlímpíkì àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ, kò sí alẹ́ tí ẹnìkan kì í bi mí bóyá èèyàn lè wọ mọ́tò láti Ifẹ̀ dé Dakar.

Orúkọ odò ni àwa fún ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Ọ̀ṣun, Ọya, Mono, Ouémé. Odò Ọya ń gba ẹnubodè Benin kọjá kó tó wọ ilẹ̀ wa. Mono ń ti Tógò bọ̀, ó sì di ààlà láàárín Tógò àti Benin kó tó bọ́ sókun. Kọ́ọ̀ṣì Kútọnu ló mú àbá orúkọ odò wá, ó ní odò kì í gba físà. Ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: obìnrin mẹ́ta (kílò 44, 52, 63), ọkùnrin mẹ́ta (55, 66, 81). Ìbò la fi pín wọn, ní gbangba, lójú gbogbo wọn. Ìbò náà ló gbé Ẹ̀gbọ́n sínú Ọya, ó gbé Àbúrò sínú Mono.

Nígbà tí ìbò náà jáde bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀ṣì Atakpamé wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé, kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní ìbò ni ìbò. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tún ìbò ṣe kí ọmọ ìlú kan má baà pàdé ọmọ ìlú rẹ̀, ká kúkú jẹ́ kí Tógò dúró ní Tógò kí Nàìjíríà dúró ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ronú síwájú sí i. Ọkùnrin náà ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ́ hàn mí, èmi ò rí i.

A kọ òfin sára pátákó. Ippon, kí o da ẹnìkejì kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú agbára àti ìyára, tàbí kí o dì í mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá ogún: ìjà parí. Waza-ari, bí kò bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí ìdìmọ́lẹ̀ àáyá mẹ́wàá. Méjì rẹ̀ di ippon. A kò fi yuko, àmì tó kéré sí waza-ari, sí i rárá, torí akọ̀wé kan péré ni a ní, èmi sì ni. Shido ni ìkìlọ̀. Mẹ́ta rẹ̀, o ti jáde. A ní kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ apá, kí ẹnikẹ́ni má fún ọrùn, torí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wà nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìjà kan. Bí kò bá sí ẹni tó gba àmì, ó di golden score, àfikún tí kò lópin; ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì ló ni ín. Bí ẹgbẹ́ méjì bá wá dọ́gba ní mẹ́ta sí mẹ́ta, ìbò yóò mú kílò kan, àwọn méjèèjì tó wà níbẹ̀ yóò tún padà wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Paris ní 2024 nìyẹn, nígbà tí Faransé àti Jàpáànù dọ́gba ní ìparí ìdíje ẹgbẹ́ akọ-àti-abo, tí ìbò mú àwọn oní-kílò tó ju 90 lọ, tí Teddy Riner ti Faransé sì parí ọ̀rọ̀.

Gbogbo rẹ̀ la kọ sára pátákó, àfi ohun kan. A kò kọ ibi tí kọ́ọ̀ṣì yóò jókòó sí. Níbi ìdíje tó gbóná, àga kan máa ń wà lẹ́bàá tatami, ẹní tí wọ́n ń jà lé, fún kọ́ọ̀ṣì ẹni tó ń jà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí rẹfirí bá ti pe matte, tí ìjà dúró. Nínú ẹgbẹ́ àdàlù bíi tiwa, kọ́ọ̀ṣì ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Mi ò ronú kàn án. Àwọn kọ́ọ̀ṣì ń jókòó síbi tó wù wọ́n, wọ́n ń pariwo fún ọmọ tí wọ́n kó wá, ẹgbẹ́ yòówù kó wà. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mi ò ní fi í lé ẹlòmíràn lórí.

Tatami wa náà tó ìtàn. Fóòmù líle ni a tẹ́, a fi tapólì bò ó, a fa á le tíntín, a fi ìṣó kàn án mọ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọmọ bá ṣubú tó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ bí a ṣe kọ́ wọn, yóò dún bí ìgbà tí wọ́n la ilẹ̀kùn mọ́ ògiri. Aṣọ júdò funfun nìkan ni gbogbo wọn ní, kò sí aláwọ̀ búlúù tí Anton Geesink dá lábàá ní 1986 kí òǹwòran lè mọ ta ni ta. A gé àdìrẹ ẹlú sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó bá wà ní apá òsì á so ó mọ́ bẹ́líìtì. Títí di ìsinsìnyí ìyàwó mi ń béèrè ìró rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Èdè kò fún wa níṣòro bí a ṣe rò. Ọ̀rọ̀ Jàpáànù ni gbogbo wọn fi ń jà: hajime (ẹ bẹ̀rẹ̀), matte (ẹ dúró), sore-made (ó parí). Ọmọ Kútọnu kan àti ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ kan lo òwúrọ̀ kan gbáko lórí uchi-mata, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dá ènìyàn, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn ju “uchi-mata” àti “ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n” lọ.

Ìṣòro wa ni ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá láti Iléṣà, oní-kílò 66, ó wà nínú Mono. Bàbá rẹ̀ àgbà mu ẹkẹ nígbà ayé rẹ̀, ilé ni ọmọ náà sì ti kọ́ ọ kí ó tó mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ júdò. Nínú gídígbò tiwa, bí ẹsẹ̀ ẹni bá ṣí sílẹ̀ tí o kò gbé e, ojú ọ̀lẹ ni wọn yóò fi wò ọ́. Nínú júdò, láti 2010 ni wọ́n ti ń fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì mú. Òkè bẹ́líìtì ni kí ọwọ́ wà. Ọmọ yìí mọ òfin náà. Ó lè kà á fún ọ láìwo pátákó. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti gbóná, tí ẹnìkejì bá ti gbé ẹsẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé orúnkún rẹ̀ kí òfin tó dé orí òun fúnra rẹ̀. Ó gba shido méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gba méjì lọ́jọ́ kejì, ó sì borí nínú gbogbo ìjà náà. Bí rẹfirí bá ti fún un ní shido, á wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó wo ọmọ aládùúgbò tó ya pòkíì.

Mono na Ouémé ní mẹ́rin sí ẹyọ kan, Ọya na Ọ̀ṣun ní mẹ́rin sí méjì. Ọjọ́ kẹta, Mono kojú Ọya.

Ọya mú ìjà àkọ́kọ́, Mono mú ìkejì. Ìkẹta ni ti àwọn oní-kílò 52. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò tẹrí ba fún ara wọn. Mo rí i pé Àbúrò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Wọ́n di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú, wọ́n ń yí. Ìṣẹ́jú kan àti àbọ̀ kọjá, kò sí nǹkan. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn mi, ní èdè wọn, kíákíá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kọ́ọ̀ṣì Atakpamé ni. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí ojú Àbúrò. Ó yí ojú kúrò lára ẹni tí ó ń bá jà, ó wo kọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí èèyàn bá pajú lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló mọ. Ẹ̀gbọ́n ti wọlé, ó ti gbá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, o-soto-gari, ẹ̀yìn Àbúrò dún lórí tapólì. Ippon. Ọya méjì, Mono ẹyọ kan.

Àbúrò kò dìde. Mo rò pé ó farapa, mo sáré lọ. Kò farapa. Ó ń sunkún, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo wo kọ́ọ̀ṣì Kútọnu. Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní, ‘Ó sọ ti ẹsẹ̀ mi fún un.’”

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọmọ náà ní àléébù kan. Bí ó bá fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ́ nílẹ̀ síwájú, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Láti bí ọdún kan ni kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń bá a tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ifẹ̀ àfi òun àti kọ́ọ̀ṣì. Kò hàn sí Ẹ̀gbọ́n pàápàá, torí ọwọ́ ló máa ń wò bí ó bá ń jà.

Gbọ̀ngán dàrú. Tíṣà tó ń bójú tó Mono, Ìjẹ̀ṣà ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn. Ó dìde, ó ní kí a fagi lé ìjà náà. Ó ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìwé náà, tí kò sẹ́ni tó pè é sí i, sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, “Mọ́remí lọ gbé ọ̀dọ̀ ọ̀tá kó lè mọ àṣírí wọn. Èyí, àṣírí ọmọ ara rẹ̀ ló tú.” Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ti kó àwọn ọmọ lọ wo ère Mọ́remí, a ti sọ ìtàn náà fún wọn dé ibi tí ó ti jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, tó fi mọ̀ pé èèyàn lásán tó fi koríko bora ni àwọn tó ń dẹ́rù bani. Nítorí náà, nígbà tí bàbá yẹn sọ̀rọ̀, kò sí ọmọ tí kò yé, kódà àwọn tí kò gbọ́ ju “Mọ́remí” lọ nínú rẹ̀.

Ohun tí kọ́ọ̀ṣì Atakpamé sọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kò sẹ́. Ó dúró láàárín tatami, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ Kétu ń túmọ̀: “Ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn, ẹnu mi là kí n tó mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún kan ni mo ti ń pariwo ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ni kí n máa wò kí n dákẹ́?”

Tíṣà Ìjẹ̀ṣà ní, “Méjèèjì.”

Ìṣẹ́jú bí ogún ni a fi ń fa ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí àwọn ọmọ náà tún un jà. Àwọn kan ní kí a gba àmì lọ́wọ́ Ọya. Rẹfirí kọ̀ jálẹ̀: ọmọ tó dá ẹnìkejì rẹ̀ kò rú òfin kankan, ìdájọ́ ti jáde, ó ti jáde. Mo gbè é lẹ́yìn, mo sì ṣì ń gbè é. Ẹ̀gbọ́n kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí a bá gba ippon rẹ̀, ọmọ la ń fi ìyà ẹnu àgbà jẹ. Àwọn ará Ifẹ̀ tó ń sọ pé a gbè sẹ́yìn àlejò, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó jàǹfààní àti ẹni tó fara gbá a, àlejò ni àwọn méjèèjì.

Ohun tí a ṣe ni pé gbogbo kọ́ọ̀ṣì bọ́ sí fàráńdà, èyí tó ṣẹ̀ àti èyí tí kò ṣẹ̀. A gbé àga méjì sí ẹ̀bá tatami, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ní ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa jókòó síbẹ̀, ẹni tí ẹni tó ń jà bá fúnra rẹ̀ yàn. Ìgbà tí matte bá dún nìkan ni kó là á lẹ́nu. Mo kọ ọ́ sára pátákó lábẹ́ àwọn yòókù, ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìjà kẹrin kan ọmọ Iléṣà wa. N ó sọ ọ́ kíákíá torí ó dùn mí. Ó gba shido fún ẹsẹ̀, ó tún gbà á fún ẹsẹ̀. Ìkẹta, ọmọ Àjàṣẹ́ tó dojú kọ ọ́ fi ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni pé ó ń fi àkàrà han ọmọdé, ọwọ́ sì lọ. Ó jáde. Ọya mẹ́ta, Mono ẹyọ kan. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Mo wà níbẹ̀, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi náà sì ń bẹ ọwọ́ yẹn nínú ọkàn mi pé kó dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mono jí. Ọmọbìnrin Ifẹ̀ kan, oní-kílò 63, di ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogún àáyá. Ọmọkùnrin Kútọnu oní-kílò 81 borí pẹ̀lú waza-ari kan péré, ó sì ń wo fóònù mi ju bó ṣe ń wo ẹni tó ń bá a jà lọ. Mẹ́ta sí mẹ́ta.

A kọ kílò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bébà, a ká wọn, a jù wọ́n sínú igbá tí ìyá tó ń se oúnjẹ fi ń bu ẹ̀wà. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú Ouémé ló fà á. Ó tú u, ó wò ó, kò kà á, ó kàn gbé e fún rẹfirí. 52.

Mi ò mọ bí gbọ̀ngán tó kún ṣe lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà Ìjẹ̀ṣà gan-an, láti ojú fèrèsé, ní kí a tún un fà. Rẹfirí kò dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ń tún bẹ́líìtì rẹ̀ dì, ó dì í, ó tú u, ó tún un dì. Nígbà tí mo béèrè ẹni tí yóò jókòó fún un, ó nàka sí ọmọ Àjàṣẹ́. Mo bi Àbúrò. Ó wo gbogbo Mono láti òkè dé ilẹ̀, ó sì nàka sí ọmọ Iléṣà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde, tí kò gbọ́ Faransé kan, tí kò gbọ́ èdè Ifẹ̀ ti Tógò kan.

Ọmọ náà kò jókòó sórí àga. Ó lósòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ tatami. Ẹnìkan láàárín àwọn ará Ifẹ̀ pariwo, “Òṣómàáló!” gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn baba wọn mọ̀ ọ́n: àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tà láwìn káàkiri, tí wọ́n á wá lósòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn.

Golden score ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Hajime. Ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí ẹsẹ̀ òsì yẹn, Àbúrò bọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Wọ́n jáde kúrò lójú tatami. Matte. Ọmọ Iléṣà kò pariwo. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nàka sí ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀, ó wọ́ ọ síwájú bí Àbúrò ṣe máa ń wọ́ ọ, ó mi orí pé rárá. Ó tún un gbé, ó gbé e padà sẹ́yìn ní wàrà, ó gbá ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀: pà! Ó ní, “Ẹsẹ̀. Kó má pẹ́ níbẹ̀.” Ó tún lósòó. Ẹni tí ẹsẹ̀ lé jáde ni, ta ló tún mọ ẹsẹ̀ jù ú lọ?

Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni, rẹfirí ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n tún lọ sí òsì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n gbá afẹ́fẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kó tó tún ara ṣe Àbúrò ti gùn ún, ó ti fi apá wé ọrùn rẹ̀, ó ti mú apá kan há sí abíyá, kesa-gatame. Rẹfirí na ọwọ́: osaekomi, ìdìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu mi. Gbogbo ilé ń ka á: ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn ọmọ Kútọnu ń ka á ní Faransé, kò bá tiwa mu, ó ṣáájú díẹ̀. Ní ẹ̀rin, kọ́ọ̀ṣì Atakpamé sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé lẹ́yìn mi. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngán láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mọ́ra, kò wo inú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Kétu túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: “Ó ní, ta ló wà lábẹ́?” Àrún, ẹ̀fà. Ẹnu mi ń ka, mi ò lè dá a lóhùn. Èje. Ẹ̀gbọ́n yí ìbàdí, Àbúrò bá a yí. Ẹ̀jọ, ẹ̀sán. Mo rí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn Àbúrò, aṣọ tó ti dì mú ṣinṣin, ìka rẹ̀ ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wá.

Mono mẹ́rin, Ọya mẹ́ta.

Wọ́n tẹrí ba fún ara wọn. Wọn kò dì mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n dì mọ́ra. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀yìn gbọ̀ngán jáde. Ó pẹ́ níbi ẹ̀rọ omi. Nígbà tí mo tún rí i, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tún hańkáṣíìfù wé, Àbúrò di etí kan mú fún un kó lè so ó. Kọ́ọ̀ṣì wọn kò tíì bá èyíkéyìí nínú wọn sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Mi ò béèrè ohun tó sọ.

Bí a bá tún ṣe é, ìbò yóò wà ní gbangba bó ṣe wà, ọmọ ìlú kan yóò sì lè pàdé ọmọ ìlú rẹ̀. Àga méjèèjì yóò wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ni yóò sì wà nídìí rẹ̀. A ó fún àwọn kọ́ọ̀ṣì ní tíì ní fàráńdà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ọmọ Iléṣà pè mí.

“Tíṣà, ẹ káalẹ́. Àwọn ta ló gbà á?”

“Ẹ káalẹ́, bàbá. Mono ni.”

“Mono? Ìlú ta nìyẹn?”

“Odò ni, bàbá. Ní Tógò.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ tèmi ń kọ́?”

“Mono ni òun náà.”

“Ó dá wọn?”

“Rárá o, bàbá. Wọ́n lé e jáde.”

“Wọ́n lé e jáde, wọ́n sì gbà á? Kí ló wá ṣe?”

“Ó lósòó.”

Mo gbọ́ tó yí ẹnu kúrò nídìí fóònù, tó ń sọ ọ́ fún ẹnìkan nínú ilé, ẹ̀rín sì ta lẹ́yìn. Ó padà sídìí rẹ̀. “Ìyẹn jọ wá,” ó ní. “Ẹ sọ fún un pé iyán wà nílẹ̀.”